Gígun Òkè Kilimanjaro: Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Dé Ṣóńṣó Rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí bá ìtàn òkè Kilimanjaro mu rẹ́gí, nítorí pé ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ọ̀mọ̀wé kan ní ìlú London fi ń bá ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí òkè náà jiyàn, tí ó ń sọ pé ohun tí ó rí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí iyàn yìí sì rọlẹ̀ tán, òmíràn dìde: ta ni ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ṣóńṣó òkè náà? Ìdáhùn tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ni pé Hans Meyer, ará Jámánì, ni, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá ọdún 1889. Ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń kọ ìtàn, àti bí orúkọ àwọn kan ti ń hàn ketekete nígbà tí ti àwọn mìíràn ń parẹ́, kí ó fi ara balẹ̀ yẹ ìtàn òkè yìí wò.

Kilimanjaro wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Tanzania, nítòsí ààlà ilẹ̀ Kenya. Òun ni ó ga jù lọ nínú gbogbo òkè ilẹ̀ Áfíríkà. Gíga rẹ̀ láti ìpele òkun jẹ́ mítà 5,895. Iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó tú jáde ní ayé àtijọ́ tí ó sì kó òkè náà jọ, orí mẹ́ta ni ó sì ní. Èkíní ni Shira, èyí tí ó ti wó lulẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Èkejì ni Mawenzi, tí ó rí págunpàgun, tí gíga rẹ̀ tó mítà 5,149. Ẹ̀kẹta ni Kibo, tí ó rí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, tí yìnyín sì dé e lórí bí fìlà. Orí Kibo ni ṣóńṣó òkè náà gan-an wà, ní etí kòtò ńlá kan tí iná àtijọ́ gbẹ́ síbẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń gun òkè yìí a máa dà bí ẹni tí ó fi ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ rin ìrìn-àjò láti ilẹ̀ olóoru dé ilẹ̀ tí oòrùn kì í ti í mú rárá. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti kọfí ni yóò kọ́kọ́ là kọjá. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ igbó kìjikìji, tí kurukuru kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, títí dé nǹkan bí mítà 2,800. Bí ó bá jáde nínú igbó, yóò bá pápá koríko àti igi kúkúrú pàdé. Nígbà tí ó bá sì kọjá mítà 4,000, òkúta àti iyanrìn gbígbẹ ni yóò kù, kí ó tó dé ibi yìnyín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù ni ọ̀tá tí ó burú jù níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni. Ní ṣóńṣó òkè náà, agbára afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí ìlàjì ti etí òkun lọ, nítorí náà èémí tí ènìyàn bá mí kò fún un ju ìlàjì ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Orí a máa fọ́ ni, èébì a máa gbé ni, oorun kì í wá. Bí ó bá sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi a máa kún inú ẹ̀dọ̀fóró tàbí kí ọpọlọ wú, ènìyàn a sì kú bí wọn kò bá tètè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Agbára ọ̀dọ́ kò ràn án. Ohun tí ó ràn án ni kí ènìyàn máa rọra lọ, kí ara rẹ̀ lè mọ́ ibi gíga náà díẹ̀díẹ̀. Yorùbá ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Àwọn amọ̀nà orí Kilimanjaro náà kò ní ìmọ̀ràn mìíràn ju èyí tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́ ní èdè Swahili: pole pole, èyí ni, díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tí ó ni ẹsẹ̀ òkè yìí ni àwọn Chagga. Kí àwọn òyìnbó tó dé rárá ni wọ́n ti ń la ojú ọ̀nà omi láti inú odò orí òkè wá sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn, tí ọba kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ lórí ìpín tirẹ̀, ní Moshi, ní Machame, ní Marangu àti ní ibòmíràn. Wọ́n mọ òkè náà bí ènìyàn ti ń mọ aládùúgbò. Nínú ọ̀kan nínú àlọ́ wọn, Mawenzi lọ tọrọ iná lọ́dọ̀ Kibo, Kibo sì fún un ní iná, ó fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dùn mọ́ Mawenzi lẹ́nu, ni ó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa iná, ó tún padà lọ. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, inú bí Kibo, ó gbé ọmọ-odó, ó sì lù ú ní àlùbolẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orí Mawenzi fi rí págunpàgun títí di òní.

Yàtọ̀ sí àlọ́, ìtàn gidi wà. Ọba Rengua ti Machame rí ohun funfun tí ń dán lórí Kibo, ó sì rò pé bóyá fàdákà ni. Ó rán ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ láti wádìí rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sabaya, ni ó padà bọ̀, òtútù sì ti ba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Àwọn ìyókù kú sórí òkè. A kò mọ ọdún tí èyí ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó wọn ibi gíga tí wọ́n dé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Sabaya jẹ́ ẹ̀rí tí ó tó pé àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ti dé ibi yìnyín kí òyìnbó kankan tó mọ̀ pé òkè náà wà.

Ẹni tí ó mú ìtàn yìí dé etígbọ̀ọ́ àwọn ará Yúróòpù ni Johannes Rebmann. Ará Jámánì ni, ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere Church Missionary Society, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí C.M.S., ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ kan náà yìí ni ó rán Samuel Ajayi Crowther, Henry Townsend àti C. A. Gollmer wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1845, Crowther àti Townsend sì wọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ní ọdún 1846 yìí kan náà ni Rebmann dé ọ̀dọ̀ Johann Ludwig Krapf, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà, ní agbègbè Mombasa, tí wọ́n sì dá ibùdó sílẹ̀ ní Rabai. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ C.M.S. tí ń gbé iṣẹ́ ilẹ̀ Yorùbá jáde fún àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ni ó gbé ìròyìn òkè funfun jáde ní ọdún 1849.

Ní ọdún 1848 ni Rebmann gbéra láti etíkun, òun pẹ̀lú àwọn aláàárù díẹ̀ àti amọ̀nà tí ń jẹ́ Bwana Kheri, ó sì kọrí sí ilẹ̀ àwọn Chagga. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún, ó gbé ojú sókè, ó rí ohun funfun kan lórí òkè lókèèrè. Ó bi amọ̀nà pé kí ni. Èsì tí ó gbà kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: baridi, èyí tí í ṣe òtútù ní èdè Swahili. Rebmann, tí wọ́n bí sí ilẹ̀ tí òjò dídì ń bọ́ lọ́dọọdún, mọ ohun tí ó ń wò lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Rebmann ní orúkọ fún ohun náà. Amọ̀nà kò ní orúkọ fún un, ṣùgbọ́n ó mọ ìwà rẹ̀. Nínú ìwé, Rebmann ni ó ṣe àwárí òjò dídì Kilimanjaro. Ní òtítọ́, ẹnu ẹni tí ó ti mọ òkè náà tẹ́lẹ̀ ni ìmọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde.

Nígbà tí ìròyìn yìí dé London, onímọ̀ ilẹ̀ ayé kan, William Desborough Cooley, kò gbà á gbọ́. Ó ní òjò dídì kò lè wà lábẹ́ oòrùn gangan báyẹn. Ó ní ọkàn Rebmann ni ó rí i, kì í ṣe ojú rẹ̀. Cooley jẹ́ ọ̀mọ̀wé gidi. Ó ti ka ìwé àwọn Lárúbáwá àti ti àwọn Pọtogí lórí ilẹ̀ Áfíríkà dáradára, ṣùgbọ́n orí àga ni ó jókòó sí tí ó ti kọ gbogbo rẹ̀. Kò dé ibẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ kì í ṣe ti òpè. Àṣìṣe ẹni tí ó fi ìwé ṣe odi ni, tí kò jẹ́ kí ẹ̀rí ẹni tí ó fojú rí wọlé.

Ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ náà sí méjì ni Baron Carl Claus von der Decken, ará Jámánì. Ní ọdún 1861 ó lọ sí òkè náà pẹ̀lú Richard Thornton, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ ìmọ̀ nípa òkúta. Wọn kò gun òkè náà jìnnà, ṣùgbọ́n wọ́n wọn gíga rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n sì jẹ́rìí sí ìyìnyín orí rẹ̀. Ní ọdún 1862 ó padà pẹ̀lú Otto Kersten, wọ́n sì gùn ún dé nǹkan bí mítà 4,300. Òjò dídì bọ́ lé wọn lórí ní òru. Royal Geographical Society fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní ọdún 1864. Síbẹ̀ Cooley fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òjò dídì náà mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó bọ́. Ẹni tí ó bá ti pinnu pé òun kò ní gbọ́, kò sí ẹ̀rí tí ó lè là á létí. Lẹ́yìn wọn ni Charles New, ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dé ibi yìnyín gan-an ní ọdún 1871, tí ó sì fi ọwọ́ kàn án. Ó tún padà lọ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n wọ́n gba ẹrù rẹ̀, ó sì kú lójú ọ̀nà ní ọdún 1875 bí ó ti ń padà bọ̀ sí etíkun.

Títí di àkókò yìí, ìfẹ́ ìmọ̀ àti iṣẹ́ ìhìnrere ni ó ń gbé àwọn àlejò lọ sí òkè náà. Láti ọdún 1884, nǹkan yí padà. Carl Peters ń káàkiri ilẹ̀ náà, ó ń gba ìbúwọ́lùwé lọ́wọ́ àwọn baálẹ̀. Ní ọdún 1885, ìjọba Jámánì na ọwọ́ ààbò rẹ̀ bo àwọn ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì jọ fa ààlà sí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba wọn. Ìlà náà gba àríwá Kilimanjaro kọjá, òkè bọ́ sí ọwọ́ Jámánì, Mombasa sì wà ní ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn arìnrìn-àjò fẹ́ràn láti máa sọ pé Ọbabìnrin Victoria ni ó fi òkè náà ta ọmọ-ọmọ rẹ̀, Kaiser Wilhelm Kejì, lọ́rẹ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: ọdún 1886 ni wọ́n fa ààlà náà, Wilhelm kò sì di Kaiser títí di ọdún 1888. Ìdúnàádúrà àwọn olóṣèlú ni ó pín òkè náà, kì í ṣe ẹ̀bùn ìyá àgbà.

Hans Meyer, tí a bí ní ọdún 1858 sínú ìdílé atẹ̀wé ọlọ́rọ̀ kan tí ilé iṣẹ́ wọn wà ní ìlú Leipzig, wá sí òkè yìí ní ìgbà mẹ́ta kí ó tó dé ṣóńṣó rẹ̀. Ní ọdún 1887, ó gun Kibo dé ẹsẹ̀ ògiri yìnyín, kò rí ọ̀nà gbà, ó padà. Ní ọdún 1888, òun àti Oscar Baumann kò tilẹ̀ dé òkè náà. Ogun Abushiri ti bẹ́ sílẹ̀, nínú èyí tí àwọn ará etíkun dìde sí ilé iṣẹ́ àwọn ará Jámánì tí ó fẹ́ gba ìlú wọn. Wọ́n mú àwọn méjèèjì, wọ́n dè wọ́n ní ẹ̀wọ̀n, owó ìràpadà ni ó sì yọ wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìrìn-àjò, ọ̀ràn yìí kò ju ìdíwọ́ lọ. Lójú àwọn tí ó mú wọn, ogun ni, ọmọ ọ̀tá sì ni Meyer.

Ní ọdún 1889, ó padà lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí ó mú Ludwig Purtscheller lọ́wọ́, olùkọ́ eré ìdárayá láti ìlú Salzburg ní ilẹ̀ Austria, ẹni tí ó ti gun ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkè oníyìnyín ilẹ̀ Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí Meyer kọ́ ju ti gígé yìnyín lọ. Ó ti rí i pé ebi ni ó ń lé àwọn agun-òkè padà: oúnjẹ a tán, wọn a sọ̀ kalẹ̀, gbogbo làálàá a sì di asán. Nítorí náà ó bá Mareale, ọba Marangu, sọ̀rọ̀, ó sì fi ìlú náà ṣe ìpìlẹ̀. Ó tẹ ibùdó kan sí òkè ibi tí igbó parí sí, ó tẹ òmíràn sí ibi tí ó ju mítà 4,300 lọ, láàárín Kibo àti Mawenzi. Láti ìgbà dé ìgbà ni àwọn aláàárù ń gbé oúnjẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí oúnjẹ náà kò bá dé, kò sí ẹni tí yóò dé ṣóńṣó.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá, Meyer àti Purtscheller jáde ní òru dúdú. Wọ́n fi àáké gbẹ́ ibi ìtẹ̀sẹ̀ sára yìnyín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, títí wọ́n fi dé etí kòtò ńlá náà ní ọ̀sán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ibi tí ó ga jù ṣì wà níwájú, ilẹ̀ yóò sì ṣú bá wọn bí wọ́n bá lọ. Wọ́n padà. Wọ́n sinmi, wọ́n sùn sínú ihò àpáta kan tí ó sún mọ́ òkè jù ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n tún tọ ibi ìtẹ̀sẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, tí í ṣe ọjọ́ tí Purtscheller pé ọmọ ogójì ọdún, wọ́n dé ṣóńṣó náà. Meyer ri àsíá Jámánì kékeré kan mọ́lẹ̀, ó sì sọ ibẹ̀ ní Kaiser-Wilhelm-Spitze, èyí ni, ṣóńṣó Kaiser Wilhelm. Ó mú òkúta kan níbẹ̀ lọ fún Kaiser, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ààfin ní ìlú Potsdam.

Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí Meyer wò ni Berlin. Kò wo Marangu. Kò sì pẹ́ tí àwọn ará ẹsẹ̀ òkè fi mọ ohun tí orúkọ náà dúró fún. Láàárín ọdún 1891 sí 1892, Carl Peters, tí ó ti di aṣojú ìjọba níbẹ̀, pàṣẹ pé kí wọ́n yẹgi fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan; ọ̀rọ̀ náà di ariwo ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì yọ ọ́ níṣẹ́ ní ọdún 1897. Ní oṣù Kẹta ọdún 1900, wọ́n yẹgi fún Meli, ọba Moshi, pẹ̀lú àwọn ọba àti àgbààgbà mìíràn. Síbẹ̀síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìsinmi fún àwọn agun-òkè, wọ́n sọ ọ̀kan ní ilé Bismarck, wọ́n sì sọ èkejì ní ilé Peters.

Ta ni ó tún wà lórí òkè náà ní ọdún 1889? Meyer fúnra rẹ̀ dárúkọ Mwini Amani, ará Pangani. Nígbà tí àwọn ìyókù padà sí ìsàlẹ̀, ọkùnrin yìí dúró ní ibùdó òkè, ní ibi tí omi ń dì ní òru. Ó ń dáná, ó ń ṣọ́ àgọ́, ó ń dúró de àwọn méjì tí ó lọ sórí yìnyín. Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ó fi wà níbẹ̀, Meyer sì yìn ín pé kò ráhùn. Kò ní bàtà oníṣó, kò ní aṣọ òtútù bíi ti àwọn ọ̀gá rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò sí lórí òkè náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí ń yin Meyer.

Orúkọ mìíràn wà tí kò sí nínú ìwé rárá ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì gba ẹnu wá: Yohani Kinyala Lauwo, ọmọ Marangu. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Marangu ni pé ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà tí Meyer dé, pé wọ́n fi í ṣe amọ̀nà fún un, àti pé ó ń bá iṣẹ́ amọ̀nà lọ fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìgùnkè náà ní ọdún 1989, wọ́n bu ọlá fún un gẹ́gẹ́ bí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ṣóńṣó Kilimanjaro. Ó kú ní ọdún 1996. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ òpìtàn ti le. Nínú àkọsílẹ̀ Meyer, òun àti Purtscheller nìkan ni ó gun orí yìnyín. Ọjọ́ orí tí wọ́n kà fún Lauwo pẹ̀lú ṣọ̀wọ́n láàárín ọmọ ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbe àwọn ará Marangu lè sọ pé irọ́ ni Meyer pa. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbe Meyer lè sọ pé àròsọ ni ọ̀rọ̀ Lauwo. Àwọn méjèèjì ni ó ṣe bíi Cooley: wọ́n ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé. Ohun tí ó tọ́ ni kí a bi ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó lè dáhùn. Ìwé Meyer jẹ́rìí sí ọjọ́, sí wákàtí àti sí ẹni tí ó di okùn mọ́ra lórí yìnyín. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Marangu jẹ́rìí sí ohun tí ìwé náà kò kà sí: pé àwọn ọmọ ìlú ni ó mọ ọ̀nà inú igbó, pé ẹ̀yìn àwọn ọmọ ìlú ni ẹrù gùn dé òkè, àti pé iṣẹ́ amọ̀nà ti di ogún ìdílé láti ìran dé ìran. A lè fi ìkejì bọlá fún Lauwo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé a yí èkíní padà. Ọlá tí a bá gbé karí ohun tí kò dájú, ọjọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò ni yóò wó. Iṣẹ́ àwọn aláàárù kò sì nílò àbùmọ́ kí ó tó tóbi.

Ogún ọdún kọjá kí ẹlòmíràn tó tún dé ṣóńṣó náà: Lange àti Weigele, ní ọdún 1909. Ní ọdún 1912, Eduard Oehler àti Fritz Klute gun Mawenzi, tí Meyer àti Purtscheller gbìyànjú títí tí wọn kò lè gùn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ilẹ̀ náà bọ́ sí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì pè é ní Tanganyika; ọ̀gá yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ Kaiser kò kúrò lórí òkè. Ní ọdún 1927, Sheila MacDonald dé ibẹ̀, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó dé ṣóńṣó náà.

Ní ọdún 1959, Julius Nyerere sọ fún ìgbìmọ̀ aṣòfin Tanganyika pé àwọn yóò fẹ́ tan àbẹ́là kan sórí Kilimanjaro, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè kọjá ààlà ilẹ̀ wọn, kí ó sì mú ìrètí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kí ó tó ṣẹ. Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ọdún 1961, tí ilẹ̀ náà gba òmìnira, Alexander Nyirenda, ọ̀dọ́ ọ̀gágun, gbé àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti ògùṣọ̀ dé ṣóńṣó náà. Orúkọ Kaiser Wilhelm lọ. Uhuru, èyí tí í ṣe òmìnira ní èdè Swahili, gba ipò rẹ̀. Ilé Bismarck di ilé Mandara, ilé Peters di ilé Horombo, orúkọ àwọn ọba Chagga àtijọ́ méjì. Nígbà yìí ni wọ́n tó wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ.

Láti ọdún 1973 ni òkè náà ti jẹ́ ọgbà ìjọba tí a dáàbò bò, UNESCO sì fi í kún àwọn ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé ní ọdún 1987. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò ni ó ń gùn ún lọ́dọọdún, òfin sì ni pé amọ̀nà gbọ́dọ̀ bá wọn lọ. Àwọn aláàárù ṣì ń ru àgọ́, omi àti oúnjẹ lórí, bíi ti ìgbà Mareale. Ohun tí kò rí bíi ti ìgbà náà mọ́ ni yìnyín. Láti ọdún 1912 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ tí ó ti yọ́ dànù. Ògiri tí ó lé Meyer padà ní ọdún 1887 kò sí níbẹ̀ mọ́ bí ó ti wà. Ohun tí Cooley ní kò sí rí ń lọ sí ibi tí yóò fi di pé kò sí ní tòótọ́.

Ta ni ó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó Kilimanjaro, nígbà náà? Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀, Meyer àti Purtscheller ni. Sabaya àti àwọn tí ó kú lẹ́yìn rẹ̀ ti ṣáájú wọn dé ibi yìnyín. Bwana Kheri ti sọ ohun tí ó jẹ́ kí Rebmann tó kọ ọ́ sílẹ̀. Mareale fún wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ lé. Mwini Amani ṣọ́ iná títí wọ́n fi padà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìtàn tí ó bá ka ọwọ́ kan tí ó fi èkejì sílẹ̀ kò tíì pé, ẹni tí ó bá sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn gígun òkè yìí, kí ó dárúkọ Mwini Amani pẹ̀lú Meyer.